Ta Ló Pa Ẹsẹ̀ Olúbọ̀dé?

Ọ̀sán gangan ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Olúbọ̀dé kú. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ wà láàyè, ó jókòó tì í, ó ń wò ó.

Síìpù ló ń rán mọ́ ṣòkòtò kan nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó rẹ̀ ní Ìkòtún. Oòrùn dúró sí àtàrí, òjìji gbogbo nǹkan ti sá wọ abẹ́ nǹkan, wákàtí tí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé jáde. Maṣíìnì ń sọ̀rọ̀ lọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ló bá dákẹ́. Olúbọ̀dé rò pé òwú ló já. Òwú ò já. Ó rò pé abẹ́rẹ́ ló ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ó ń dán. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí pẹ́dà, ó dùbúlẹ̀ bí ẹja tútù tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Ó ní kó tẹ̀. Kò tẹ̀. Ó tún pàṣẹ fún un. Ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn.

"Ọ̀gá télọ̀," ni Wisdom wí. Wisdom ló ni ṣòkòtò náà. Ó ń ta ike ẹ̀yìn fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìró ìyàwó Olúbọ̀dé tí wọ́n yá a so mọ́dìí. "Àbí wọ́n ti múná lọ ni?"

"Maṣíìnì elẹ́sẹ̀ ni. Kì í lo iná."

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ni wọ́n wá mú lọ?"

Olúbọ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn gan-an ni iná gidi dé. Ó ṣáná láti inú ìdí rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó gba ẹ̀yìn itan bí ẹni tó mọ ọ̀nà, ó yà lẹ́yìn orúnkún, ó sọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun, ó wọ ọmọ ìka tó kéré jù lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ bí onílé. Olúbọ̀dé ké. Àlùmọ́gàjí tó wà lórí itan rẹ̀ já bọ́, ó fi ẹnu gún ilẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Kò ṣubú. Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó nà sí òdìkejì títì.

Wisdom wò ó. Olúbọ̀dé wò ó. Àwọn méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní òdìkejì, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Àmúsà télọ̀ dúró, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò kí wọn. Ó sá wọlé.

"Ọ̀gá," ni Wisdom wí, ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, "ẹ fún mi ní ṣòkòtò mi bẹ́ẹ̀. Màá máa fi ọwọ́ di iwájú mú."

*

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé Àmúsà wọlé. Ó wà lẹ́yìn àwọn aṣọ tó fi kọ́, ó ń gbọ̀n.

Èéṣe? Nítorí pé ó ti ṣe nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, kí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó jáde, ó ti da ẹ̀tù dúdú kan sí ẹnu ọ̀nà Olúbọ̀dé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ilésanmí, oníṣègùn kan ní Ẹgàn, ló ti gbà á. Bàbá náà sì ti kìlọ̀ fún un: má sọ̀rọ̀, má wẹ̀yìn, má pe orúkọ. Àwọn oníbàárà yóò máa rí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà bí ibojì, wọn yóò sì yà sọ́dọ̀ rẹ.

Oníbàárà. Oníbàárà ni wọ́n jọ sọ. Ta ló wá dárúkọ ẹsẹ̀?

"Mo gbé," ni Àmúsà ń sọ fún aṣọ tó rọ̀ níwájú rẹ̀. "Èrò ni mo ní kí wọ́n bá mi lé, wọ́n mà ń pa ènìyàn. Ọlọ́run Ọba, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti di apànìyàn nítorí bùbá àti ṣòkòtò."

Ó yọjú díẹ̀. Olúbọ̀dé ti dìde, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ohun tó sì ba Àmúsà lẹ́rù jù ni pé ọkùnrin náà kò ké mọ́. Ojú rẹ̀ ṣófo bí àwo tí wọ́n ti fọ̀.

*

Ẹ má rò pé òpè ni Olúbọ̀dé o. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ra ni. Láti ìgbà tí Àmúsà ti kó dé òdìkejì ni kì í ti í jẹ́ kí maṣíìnì òun sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò tú orí maṣíìnì kúrò lórí tábìlì, irin dúdú tó wúwo bí àgbò Iléyá, yóò gbé e kalẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò wá tẹ̀ ba gbé e láti ilẹ̀, ó di ilé. Láàárọ̀, yóò tún tẹ̀, yóò tún gbé e padà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dì í mú. Ó ti lé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ni oògùn ń gbà wọlé. Ó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kú náà, ó gbé e.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ gbé irin yìí sílẹ̀," ni Títí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń fa igi?"

"Kí n fi í sílẹ̀ kí wọ́n wá pa ọwọ́ náà?"

"Ó dáa. Ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì jàre. Èmi á sùn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti di ìyàwó."

"Títí, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ṣé orógún mi á jẹ ẹ̀bà ni, àbí kí n se ìrẹsì fún un?"

Olúbọ̀dé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó gbé irin náà sí ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bò ó. Iná tún ṣán láti ìdí rẹ̀ dé ìka. Ó di eyín mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ yìí bá kú tán, kò sí ẹni tó máa tẹ pẹ́dà, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ nìyẹn. Gbogbo nǹkan yòókù ti ń di kùrukùru.

*

Lọ́jọ́ kejì, ó gba Ẹgàn lọ. Wọ́n ní bàbá kan wà lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì tó ń tú ohun tí aráyé bá dì. Orúkọ rẹ̀ ni Ilésanmí.

Ẹ̀n-ẹ́n. Bàbá kan náà ni.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ewé gbígbẹ rọ̀ láti àjà, wọ́n ń mì nígbà tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Bàbá jókòó lórí àpótí kékeré nínú òkùnkùn, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n, ọlọ wà níwájú rẹ̀, ó ń lọ nǹkan. Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù ìjókòó yẹn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí i kó dìde rí. Ọlọ́pàá wọlé, kò dìde. Baálẹ̀ wọlé, kò dìde. Wọ́n ní ìjọba tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló dì í mú síbẹ̀.

"Má sọ ohun tó ń ṣe ọ́," ni Bàbá wí. "Èmi ni n ó sọ ọ́. Inú ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ń sọ̀ bí iná, títí dé ọmọ ìka."

"Hà!"

"Bó o bá húkọ́, á fò. Bó o bá sín, á fò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá jókòó pẹ́, ìwọ náà á fẹ́ kú."

Olúbọ̀dé dojú bolẹ̀. Ta ló sọ fún bàbá yìí? "Bàbá, ojú yín ríran!"

"Ojú mi ń rí nǹkan," ni Bàbá wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń gún.

Ó sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ìbàdí, ó fi ìgbàdí aláwọ dì í ní ìdí pinpin. Ó wá sún mọ́ etí rẹ̀. "Ohun tí o fi ń jẹun, má jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Ìwọ nìkan ni kó o máa gbé e."

*

Bí Olúbọ̀dé ti ń jáde, ọkùnrin kan sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò kan tí kò ní táyà. Àmúsà ni. Òun náà wá tọrọ ẹ̀rọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì ilẹ̀ mẹkáníìkì, ó di èémí mú, ó ń gbọ́ ẹni tó ń kọjá. Gbì, wọ́ọ́. Gbì, wọ́ọ́. Ẹsẹ̀ kan ń rìn, èkejì ń tẹ̀lé e bí òkú tí wọ́n ń fà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àmúsà gan-an. Ẹsẹ̀ òkú náà wà níwájú imú rẹ̀. Sálúbàtà bọ́ lára rẹ̀, ó dojú dé, ẹni tó ni ín kò sì mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ ara rẹ̀ lọ lórí òkúta gbígbóná, ó dé títì, kò wẹ̀yìn.

Àmúsà mú sálúbàtà náà, ó sáré wọlé. "Bàbá, ẹ gbà mí! Ẹ̀tù yín ti kọjá ibi tí mo rán an. Ẹ tú u!"

Bàbá wò ó, ó wo sálúbàtà. "Ìwọ lo da ẹ̀tù sí ẹnu ọ̀nà ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí?"

"Èmi ni, sà."

Òógùn bo Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọlọ. "Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Máa lọ. Máa ṣe dáadáa sí i."

"Ṣé ìyẹn ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Mo ní kó o máa lọ!"

Ariwo náà dun Bàbá ní ìdí. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Àmúsà rò pé àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ ló ń fà á. Ó sá.

*

Ẹsẹ̀ náà kú sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń ta bí ata. Lẹ́yìn náà ó ń rìn bí èèrà. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan. Òfìfo ni. Díẹ̀díẹ̀, òfìfo náà gòkè kúrò lẹ́sẹ̀, ó dé ibòmíràn. Olúbọ̀dé kò bínú mọ́, kò gbàdúrà mọ́. Bí Títí bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Maṣíìnì nìkan ni kò jáwọ́ nínú gbígbé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Títí wọlé, ó fa imú.

"Ẹran ta ló ń jóná?"

Wọn kò se ẹran. Ó ṣí ìkòkò, omi ló wà níbẹ̀. Ó yọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, wọn kò dáná. Òórùn náà ń dùn sí i. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó figbe bọnu. Ẹyinná kan ti já bọ́ nínú áyọ́ọ̀nù, ó sùn sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó ń jó níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń lọ sókè.

Olúbọ̀dé tẹ̀ wò ó. "Hẹ̀n," ló wí. "Tèmi ni."

Ó sì ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Títí da omi sí i. Ó fi àlùmọ́gàjí gé ìgbàdí aláwọ kúrò ní ìdí rẹ̀, ó sọ ọ́ sí gọ́tà, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Olúbọ̀dé kò bá a jà. Kò rí agbára ìjà.

*

Ọsíbítù kan lọ́nà Ìgàndó ni wọ́n lọ. Wọ́n fọ ojú iná, wọ́n dì í, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí pé àtọ̀gbẹ náà a máa pa ẹsẹ̀. Kò ní in. Wọ́n ní kó lọ rí àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti egungun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fisáyọ̀ ló pàdé níbẹ̀. Ara rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ tóbi.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹnìkan ń kérora. Kì í ṣe bí ènìyàn. Ó ń kérora bí ẹbọra tí wọ́n pa ihò mọ́. Irun ara Olúbọ̀dé dìde, nítorí pé ó mọ ohùn yẹn. Ó na ọwọ́, ó fa kọ́tìnì.

Bàbá Ilésanmí ni. Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ Ẹgàn! Ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wọ̀, ìrọ̀rí wà lábẹ́ ikùn rẹ̀.

"Bàbá! Ta ló ta yín lọ́fà?"

"Àpótí ni," ni Bàbá wí sínú bẹ́ẹ̀dì. "Àpótí tí mo ń jókòó lé."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í dìde fún Baálẹ̀?"

"Mi ò lè dìde ni! Ta ni kò ní fẹ́ dìde fún Baálẹ̀?"

"Ẹ sọ gbogbo ohun tó ń ṣe mí, ẹ ò bi mí..."

"Ohun tó ń ṣe èmi ni mo sọ fún ọ. Má bínú. Ẹ̀tù tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn sì gbà, ti oníbàárà ni, kò kan ẹsẹ̀. Mo lè búra."

Olúbọ̀dé sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo?" ni Olúbọ̀dé bi í.

Bàbá fi ojú pamọ́ sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì. "Mi ò sọ nǹkan kan. Ìrọ̀rí ló sọ̀rọ̀."

Fisáyọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ibí kì í ṣe rédíò o. Bàbá, ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin sà, ṣé ẹ máa ń gbé nǹkan tó wúwo?"

"Rárá o."

"Irọ́!" ni Títí pariwo. "Maṣíìnì! Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, orógún mi!"

Fisáyọ̀ gbé páálí òfìfo kan sílẹ̀. "Ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ń gbé e."

Olúbọ̀dé tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí àyà.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má gbé e. A ti mú apànìyàn."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni sà."

Ó rọra nà án dìde. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. "Láàárín àwọn egungun ibí yìí, tìmùtìmù kéékèèké wà. Bí ẹ bá ń tẹ̀ báyẹn gbé irin lójoojúmọ́, ọ̀kan á máa yọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ tó ń yọ nínú ewé. Ibi tó sì yọ sí, gbòǹgbò iṣan tó tóbi jù lára wa ló wà níbẹ̀. Iṣan yẹn ló gba inú ìdí lọ sí ẹ̀yìn itan, tó dé ọmọ ìka. Sàyátíkà ni wọ́n ń pe ìrora rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ló ń ké. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, á dákẹ́."

"Ti Bàbá ńkọ́?"

"Ọjọ́ orí ló mú kí ojú ọ̀nà iṣan tiwọn fún, ìjókòó sì lò ó gbó. Ti ẹlòmíràn, ẹran ìdí ló fún un pa. Ti ẹlòmíràn, abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ni, tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ. Ìgbà wo ni ẹ̀yìn ti ń dùn yín?"

Olúbọ̀dé ronú. Láti ìgbà òjò ni. Kí ẹnikẹ́ni tó da ohunkóhun sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ọjọ́ tó ń gbé irin náà sá fún oògùn, irin náà gan-an ló ń pa á.

Ó dúró de ìyàlẹ́nu. Kò dé.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi á jí?" ló bi í.

"Ọ̀pọ̀ ló ń jí. Ẹ má sùn kalẹ̀, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbé maṣíìnì yẹn, mi ò lè ṣèlérí ẹsẹ̀ náà fún yín. Bí àárín itan bá kú, tàbí tí ìtọ̀ ń bọ́ láìmọ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ sáré wá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá máa bá yín gbé irin yẹn, kó ṣẹ́ orúnkún, kó na ẹ̀yìn, kó fà á mọ́ àyà. Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Títí wí.

*

Nígbà tí Fisáyọ̀ gbà á láyè láti padà síbi iṣẹ́, ìṣòro kan ṣẹ́kù. Maṣíìnì wà nílé, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ sùn síbẹ̀, nítorí pé olè Ìkòtún kì í ka pákó sí ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Títí ṣí i. Àmúsà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Bọ̀dá Bọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé e. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀."

Olúbọ̀dé kò bi í. Ó mọ ìdí rẹ̀. Àmúsà kò mọ̀ pé ó mọ̀.

"Gbé e," ló wí.

Àmúsà tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan bí òpó, ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí ìwọ̀ ẹja.

Ọ̀rọ̀ Fisáyọ̀ wá sí ẹnu Olúbọ̀dé. Gbogbo rẹ̀ pé lórí ahọ́n rẹ̀: orúnkún, ẹ̀yìn, àyà. Kò ju èémí kan lọ. Ó wo ẹ̀yìn tó ká náà, ó sì yé e pé ohun tó wà lẹ́nu òun yìí le ju ohunkóhun tí Ilésanmí lọ rí. Kò ní ewé, kò ní gbẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í tọ́ka sí ẹni tó ṣe é. Kó ṣáà dákẹ́ ni.

Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀. Kò rí i. Ó wá àánú. Ó tẹ ibi tó yẹ kí àánú wà, bí wọ́n ṣe ń tẹ ibi tó ń dunni. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ó pa ẹnu mọ́.

Àmúsà gbé irin náà lọ, ó gbé e bọ̀. Òjò rọ̀, ó gbé e. Ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé e kó tó lọ kírun. Ẹsẹ̀ Olúbọ̀dé ń jí díẹ̀díẹ̀, ó ti ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá tutù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àmúsà gbé maṣíìnì kalẹ̀ sí pálọ̀, kò sì tètè nàró. Ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Bọ̀dá, nǹkan ṣáná sí mi ní ìdí báyìí. Ó sọ̀ dé orúnkún."

"Àárẹ̀ ni."

"Àárẹ̀ náà ni ṣá." Àmúsà rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu òógùn. "Màá dé láàárọ̀. Ẹ ò ní gbé e mọ́ láyé yín, bí mo bá wà láàyè."

Ó jáde. Títí yọjú láti kíṣìnì, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Kẹ́mi, ọmọkùnrin yìí mà dáa o. Ṣé ẹ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e?"

Olúbọ̀dé ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ Àmúsà bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan yá, èkejì fà díẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n gbé," ló wí.